Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Pápá Wa Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí o. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bíi aago mẹ́wàá àárọ̀, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ṣẹ́ lápá. Kò gungi, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Àárín títì ló sì ti ń gbá a. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló yọ ní kọ́nà, tó gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Onímárúwá náà ò sá lọ. Òun gan-an ló gbé e dé ọsibítù, tó ń làágùn, tó ń bẹ̀ mí. “Bọ̀dá, ẹ má bínú, ọmọ yín ló sáré lé bọ́ọ̀lù.” Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ta ni mo fẹ́ bá jà?

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé pápá kan wà lẹ́yìn ilé wa. Téèyàn bá dúró sórí bákónì wa, á rí gbogbo inú ẹ̀ kedere. Ó tóbi tó kí ogún ọmọ pín sí méjì, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kí àwọn obìnrin sì tún rí ibi jókòó sí lábẹ́ igi. Ògiri yí i ká. Géètì onírin wà lẹ́nu ẹ̀. Àgádágodo ńlá kan sì wà lára géètì náà, àfi bíi pé góòlù ni wọ́n kó síbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi P.O.P. di ọwọ́ ẹ̀, ọmọ yìí wò mí lójú, ó ní, “Dádì, ta ló ti pápá yẹn pa?” Mo ní kó lọ sùn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ̀. Èmi tí mò ń pe ara mi ní akọ̀ròyìn, tí mo máa ń bi àwọn olóṣèlú léèrè ibi tí wọ́n kó owó ìlú sí, mi ò mọ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ pápá ẹ̀yìnkùlé mi lọ́wọ́. Ojú tì mí. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ náà kiri nìyẹn, ohun tí ojú mi sì rí ni mo fẹ́ sọ fún yín. N kò ní dárúkọ àdúgbò wa, nítorí ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí pátápátá.

Inú pápá yẹn lèmi náà gbé dàgbà. Ní nǹkan bí ọdún 2002 sí 2005, tá a bá ti dé láti iléèwé, a kì í jẹun tán ká tó sáré lọ síbẹ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ nígbà náà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Káńsù. Òṣìṣẹ́ káńsù ni lóòótọ́. Lẹ́bírà ni ipò ẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n lójú tiwa, òun ni gómìnà pápá. Ó ní ìgbálẹ̀ gígùn kan, ó ní àdá kan, ó sì ní fèrè kan tó máa ń gbé kọ́rùn. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló máa ń ṣí géètì. Tí bọ́ọ̀lù bá lu wíńdò ẹnikẹ́ni, á fọn fèrè, eré ọjọ́ yẹn parí nìyẹn. Ẹni tó bá tọ̀ sára ògiri, òun ló máa gbá ìdí igi fúrúùtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kejì. Tó bá di aago méje ìrọ̀lẹ́, á tún fọn fèrè, á tilẹ̀kùn, á ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò ṣòkòtò ẹ̀, ó di ilé.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, a ò fẹ́ràn bàbá yìí nígbà náà. A gbà pé ó ti le jù. Àwa ò mọ̀ pé òun ni ògiri tó wà láàrin pápá àti àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó lè ta kánópì síbẹ̀ láìmú ìwé wá láti káńsù. Kò sí mẹkáníìkì tó lè gbé mọ́tò tó ti bàjẹ́ síbẹ̀ sùn. Nígbà tí Bàbá Káńsù fẹ̀yìntì, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò ẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo nínú wa. Koríko hù. Àwọn ọmọ ìta bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síbẹ̀ lóru, èéfín igbó ń wọlé olúkálùkù. Àwọn ìyá àdúgbò ní kí wọ́n kúkú ti ibẹ̀ pa. Ẹnì kan sì lọ ra àgádágodo. Ta lẹni náà? Ìbéèrè ọmọ mi gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gba káńsù lọ. Ọ̀gá kan tó ń jẹ ẹ̀pà lórí tábìlì fetí sílẹ̀ sí mi dáadáa, ó ní, “Ọ̀rọ̀ ọgbà àti pápá ti kúrò lọ́wọ́ tiwa. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó ìyẹn. Ẹ lọ sí Alausa.” Mo wọ mọ́tò, mo dé Alausa. Ọmọbìnrin kan dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ níbẹ̀, ó wo ìwé ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní pápá wa ò sí lára àwọn èyí tó wà níkàáwọ́ àwọn. “Ẹ padà sí káńsù yín, sà.” Mo padà. Ọ̀gá ẹlẹ́pà ò sí níjòókòó. Ẹlòmíràn ní àwọn tó ń rí sí eré ìdárayá ni kí n bá. Àwọn yẹn ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde ni. Ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní ṣé mo ti rí ṣíà? Ṣíà sì ti rìnrìn àjò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ, tí mo fi ń bọ̀, owó ọkọ̀ sì ń lọ. Kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó béèrè owó lọ́wọ́ mi. Olúkálùkù kàn ń nawọ́ sí ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí mo délé, mo ní ó dáa, jẹ́ n lọ wo ohun tí òfin sọ. Ẹ fọkàn bá mi lọ díẹ̀ níbí yìí, nítorí ohun tí mo rí yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ ọ́n. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 ní àfikún kẹrin lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Níbi tí wọ́n ti dárúkọ títì, gọ́tà àti iná ojú títì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dárúkọ pápá ìṣeré, ọgbà òdòdó àti ilẹ̀ gbalasa tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Iṣẹ́ káńsù ni láti ṣe wọ́n, kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á kalẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀gá tó ń jẹ ẹ̀pà yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń lé mi kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó parọ́ tán. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tiẹ̀ tó ń rí sí ọgbà àti pápá, òun ni wọ́n ń pè ní LASPARK, òfin ọdún 2011 ló sì gbé e kalẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, láyé ìjọba Fashola, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òdòdó sí abẹ́ bíríìjì àti etí títì. Láti ọdún 2008 ni wọ́n sì ti ya ọjọ́ 14, oṣù Keje, sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún igi gbíngbín. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi l'Ékòó lónìí, ọ̀dọ̀ àjọ yìí ló yẹ kó ti kọ́kọ́ gbàṣẹ. Wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo pápá kọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin mọ̀ l'Ékòó. Ní ọdún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ tún dá káńsù ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀, ó di 57. Nígbà tí wọ́n gé káńsù kan sí méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n pín ọ́fíìsì, wọ́n pín òṣìṣẹ́. Ta ló rántí pín pápá kéékèèké? Ibi tí pápá irú tiwa ti já bọ́ láàrin àga méjì nìyẹn.

Olówó kẹta tún wà, ìyẹn ni ìjọba àpapọ̀. Ẹ wo Tafawa Balewa Square lóde Onikan. Pápá eré ìje ẹṣin ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì wálẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira lọ́dún 1960, kí ìjọba Gowon tó wá sọ ọ́ di ohun tó jẹ́ lónìí ní ọdún 1972. Àárín Èkó ló wà, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ẹ wo National Stadium ní Surulere. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje gbogbo Áfíríkà lọ́dún 1973. Ibẹ̀ náà ni Segun Odegbami ti gbá góólù méjì wọlé, tí Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta, nígbà tá a na Algeria 3-0 tá a sì gba ife Áfíríkà lọ́dún 1980. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Abuja, tí wọ́n kọ́ pápá tuntun síbẹ̀, ojú ẹ wo bí eléyìí ṣe dà. Koríko gba pápá, àwọn àga tẹ́èyàn fi ń wòran já, ilé ọtí àti ṣọ́ọ̀bù ló gbilẹ̀ yí i ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ ni pápá Teslim Balogun wà, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí lọ́dún 2007. Pápá ńlá méjì ló fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, olówó wọn yàtọ̀, kọ́kọ́rọ́ wọn yàtọ̀. Ọmọ tó ń gbé àárín wọn ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ bíríìjì.

Bí ewúrẹ́ bá ní olówó mẹ́ta, ebi ni yóò pa á kú. Olúkálùkù á rò pé ẹnì kejì ti fún un ní èèpo iṣu. Ohun tó wá burú jù ni pé ẹran tí kò sẹ́ni tó ń bọ́, kì í pẹ́ tí ẹlẹ́ran fi ń rí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Ikoyi, wọ́n á sọ fún yín nípa ọgbà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Ikoyi Park. Lónìí, ilé àwọn olówó ló kún ibẹ̀, Parkview Estate ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò rí i pé orúkọ ọgbà náà ṣì wà lára ẹ̀, ọgbà gan-an ló ti lọ? Bar Beach tí àwọn òbí wa ń lọ gba afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ ọdún, Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí. Mi ò sọ pé ilé ò dáa. Mo kàn ń sọ pé ilẹ̀ gbalasa kì í pariwo nígbà tí wọ́n bá ń gé e.

Kò wá túmọ̀ sí pé kò sí èyí tó yọrí sí rere o. Ẹ lọ sí Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Awolowo náà dé ibẹ̀. Wọ́n wó o lọ́dún 1979, lẹ́yìn náà ló di ààtàn. Theo Lawson, ayàwòrán ilé, ló ya bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ máa rí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀ tí iná bá lọ. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ibẹ̀ dáa ju ti ibòmíràn lọ. Èèyàn kan wà tó ń dáhùn fún un ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára òfin nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí kọ́kọ́rọ́. Ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá níwájú géètì pápá ló là mí lóye. Mo ti ń ra omi lọ́wọ́ ẹ̀ láti ọdún yìí wá, mi ò bi í léèrè rí. Ó ní, “Bàbá ọmọ, kí lẹ ń wá lọ sí Alausa? Ẹni tó ń yá àga àti kánópì ní òpópónà kejì ló mú un lọ́wọ́ o.” Mo gba ibẹ̀ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ń ka àga oníke. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi. “Ha, ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ tún fẹ́ ṣe nǹkan ni?”

Ara mi bù máṣọ. Ṣé ẹ rí i, ní ọdún 2019, inú pápá yẹn la ti ṣe ìnáwó ìgbéyàwó àbúrò mi. Àbúrò mi ló lọ bá ẹni tó máa bá. Ó ní kí n mú owó pápá wá, mo mú un jáde lápò. Mi ò béèrè rìsíìtì. Mi ò béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ san án fún. Mo jó lọ́jọ́ náà títí bàtà mi fi já. Ọmọ tó ṣẹ́ lápá yìí, ọwọ́ ni ìyá ẹ̀ gbé e sí nígbà yẹn. Nígbà tí mo fẹ́ jó, kọ́kọ́rọ́ ò sọnù. Ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ni mi ò mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọkùnrin alága náà ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Ó ní òun kọ́ lòun ra àgádágodo, ẹnì kan ní káńsù ló gbé e fún òun pé kóun máa bá wọn ṣọ́ ibẹ̀. Gbogbo Sátidé tí pátì bá wà, òun máa ń fi nǹkan ránṣẹ́. “Fún ta?” Ó gbójú sókè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.” Ó ní òun máa ń gé koríko ibẹ̀ látinú àpò òun, ó sì rí bẹ́ẹ̀, mo ti rí i. Tí kì í bá ṣe tiẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ti di ààtàn. Mo wá rí i pé ọkùnrin yìí ti di Bàbá Káńsù tuntun, àfi pé kò ní fèrè, kò ní ìwé, àwọn ọmọ ò sì sí lára àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn fún.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ló pè mí padà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe o. Àwọn sọ́fíyọ̀ ti wá síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.” Ó ṣí géètì fún mi. Òótọ́ ni. Péègì mẹ́rin tí wọ́n kun lọ́dà pupa ló wà nínú ilẹ̀, lápá ibi tí igi fúrúùtù wà. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń gba owó àsansílẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ọwọ́ ọmọ mi nìkan.

Mo wá Bàbá Káńsù lọ sílé ẹ̀. Ó ti darúgbó, ojú ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹ̀ ṣì pé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Kò jẹ́ kí n sọ tán. “Pápá yẹn ní ìwé. Máàpù tí ìjọba fi pín àdúgbò yìí wà lára ògiri ọ́fíìsì wa nígbà náà. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun ibẹ̀. Ọ̀gá wa máa ń sọ fún wa pé ibi tí wọ́n bá kun ní àwọ̀ ewé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ẹ lọ wá máàpù yẹn.” Èèyàn tó jẹ́ lẹ́bírà ló sọ ohun tí àwọn ọ̀gá oníṣúùtù ò lè sọ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta.

Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ẹni tó béèrè ò sì ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ àti káńsù ló ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin náà ò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á pé ó kan gbogbo wọn. Mo kọ lẹ́tà. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀: kí ni pápá yìí jẹ́ nínú máàpù, ta ni wọ́n fún láṣẹ láti kọ́ nǹkan síbẹ̀, inú àkáǹtì wo sì ni owó pátì ń wọ̀? Mo gba ontẹ̀ sára ẹ̀dà tèmi. Ọjọ́ méje pé, kò sí èsì. Mo gbé e lọ sí ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Àwọn kan ní kí n má dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá olómi ló dìde, ó ní ọmọ mélòó ni Márúwá máa gbá ká tó sọ̀rọ̀? Èèyàn mọ́kànlélógójì ló fọwọ́ sí lẹ́tà kejì. Ọkùnrin alága náà wà lára wọn.

Èsì dé ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìwé ojú kan péré. Wọ́n ní ilẹ̀ gbalasa fún ìṣeré ni ibẹ̀ jẹ́ nínú máàpù, wọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kọ́lé síbẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ owó pátì, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ bá wọn fà á. Alága CDA wa, àgbà tó mọ ayé, ló dì mí mú, ó ní, “Ọmọ mi, gba pápá ná. Owó tó ti lọ, ó ti lọ.” Mo gbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kan mí lára.

Nígbà tí ṣíà dé láti ìrìn àjò, wọ́n pè wá sípàdé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé káńsù ò lówó. Ọ̀kan nínú wa rán wọn létí pé ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ó ṣàlàyé pé owó ìgbálẹ̀ àti owó oṣù ẹnì kan kì í ṣe owó bíríìjì. A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ wá rọ̀. Àdéhùn tá a ṣe rèé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa ṣí pápá fún àwọn ọmọ láti aago mẹ́rin títí di aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, àti ní àárọ̀ Sátidé títí di aago méjìlá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe pátì lọ́sàn-án Sátidé á san owó ní káńsù, á sì gba rìsíìtì. Nínú owó yẹn ni wọ́n á ti máa san owó ẹni tó ń gbálẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ di méjì, ọ̀kan wà ní káńsù, ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé CDA. Wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, àdéhùn náà sì wà lára ògiri ẹnu géètì fún gbogbo èèyàn láti kà.

Ọkùnrin alága náà ni wọ́n gbà pé kó máa bójú tó ibẹ̀. Àwọn kan bínú sí ìyẹn, wọ́n ní ṣé òun kọ́ ló ń jẹ pápá tẹ́lẹ̀? Èmi ò bínú. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó ń gé koríko kí ẹnikẹ́ni tó san owó fún un. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ìwé tó ń so ó mọ́ wa. Ó ti wà báyìí. Bí ilẹ̀kùn ò bá ṣí ní aago mẹ́rin, a mọ ilé tá a máa kàn.

Mi ò ní tàn yín, kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ti dáa. Láàrin oṣù kìíní, Sátidé méjì wà tí kánópì ti gba pápá láti àárọ̀. A pariwo kí wọ́n tó kó o. Péègì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílẹ̀, a ò rí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun ló rì wọ́n. Àwọn ọmọ ti fi méjì nínú wọn ṣe pósítì góólù. Ọwọ́ ọmọ mi ti san, golí ni wọ́n fi ṣe, nítorí ìyá ẹ̀ ò fẹ́ kó máa sáré jù. Ó ń bínú sí wa nítorí ẹ̀, ó fẹ́ máa gbá iwájú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣeé ṣe kí pápá kan wà ní àdúgbò tiyín náà. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń da pàǹtí sí, ó lè jẹ́ ọgbà tí wọ́n tì pa, ó lè jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣe pátì. Ẹ má dúró de ìgbà tí Márúwá bá gbá ọmọ kí ẹ tó béèrè. Ẹ wádìí ohun tó jẹ́ nínú máàpù. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ gba ontẹ̀ sára ẹ̀dà tiyín. Ẹ pọ̀ níye tẹ́ ẹ bá ń lọ. Tẹ́ ẹ bá sì san owó pápá fún ẹnikẹ́ni, ẹ gba rìsíìtì, nítorí owó tẹ́ ẹ san láìgba rìsíìtì, òun ni wọ́n máa fi ra àgádágodo tí wọ́n á fi ti ọmọ yín mọ́ta.